ÀWỌN ỌMỌ WA TÍ Ó TI IBÙDÓ BỌ̀

Ọ̀rọ̀ ìyànjú fún àwọn Òbí, àwọn Olùkọ́ àti gbogbo Ìjọ, ní ọ̀sẹ̀ àjọ̀dún ọgọ́rùn-ún ọdún

  

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ ti gbọ́ ìtàn àwọn tí ó ti sùn nínú Olúwa, àwọn tí ó ru igi, tí ó po amọ̀, tí ó sì fi owó oko wọn kan òrùlé ilé Ọlọ́run. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ní kí àwa náà wá sọ̀rọ̀, a rò ó pé àwọn tí ó ti lọ ti ní ẹni tí ń sọ̀rọ̀ wọn. Àwọn tí yóò jókòó sí àga wa lẹ́yìn wa ni kò tíì ní. Nítorí náà ni a ṣe yàn láti sọ̀rọ̀ lórí ohun kan tí ó dàbí ẹni pé ó kéré lójú àwọn àgbà, èyíinì ni: kí ni àwa ń ṣe sí ọmọ tí ó ti ibùdó àwọn ọmọdé Kristẹni bọ̀?

Gbogbo yín ni ẹ mọ ibùdó náà, tí àwọn ọmọ ń pè ní káǹpù. Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn, láàárín oṣù Keje sí oṣù Kẹsàn-án, nígbà tí àwọn ilé-ìwé wà ní títì, a máa ń kó àwọn ọmọ jọ sí ọgbà kan fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún, tàbí odidi ọ̀sẹ̀ kan. Wọn a gbé ẹní àti àwo oúnjẹ lọ. Wọn a jí ní kùtùkùtù, wọn a ka Bíbélì, wọn a kọrin, wọn a gbá bọ́ọ̀lù, wọn a jẹun pọ̀, wọn a sì fetí sí ẹ̀kọ́ nípa Olúwa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó jẹ́ pé níbẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbàdúrà láti inú ọkàn ara wọn wá, láìjẹ́ pé ẹnìkan ń pe ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n bá sì padà dé, ojú wọn a máa dán.

Lẹ́yìn èyí ńkọ́? Kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó pé, ojú náà a ti ṣú. Àwa àgbà a sì máa dá ọmọ lẹ́bi, a ní iná ewé gbígbẹ ni, ó jó, ó sì kú. Ẹ jẹ́ kí a yẹ inú ààrò wò kí a tó bú iná. Iná tí a kò fi igi sí, tí a sì tún da omi lé lórí, kí ni yóò ṣe bí kò ṣe kí ó kú? Ohun tí a ní láti sọ lónìí kò ju èyí lọ: ibùdó a máa tan iná, ṣùgbọ́n ọwọ́ ilé àti ọwọ́ ìjọ ni igi wà. Ọmọ tí ó ti ibùdó bọ̀ ń fẹ́ etí tí yóò gbọ́ ọ, ó sì ń fẹ́ iṣẹ́ tí yóò ṣe. Bí a bá sì fi méjèèjì dù ú, a óò pàdánù rẹ̀ nígbà tí ó ṣì wà láàárín wa.

Ohun tí Ìwé Mímọ́ fi hàn wá

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ibùdó jẹ́ àṣà tuntun tí àwọn ọ̀dọ́ mú wọ inú Ìjọ. Nínú ìwé Léfítíkù, orí kẹtàlélógún, Ọlọ́run pàṣẹ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì pé kí wọ́n máa gbé inú àgọ́ fún ọjọ́ méje lọ́dọọdún, kí ìran wọn lè mọ bí a ti mú àwọn bàbá wọn jáde kúrò ní Íjíbítì. Ọmọdé tí ó bá sùn lábẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ, tí ó ń wo ìràwọ̀ láàárín ewé, kò ní ṣàì bi bàbá rẹ̀ léèrè pé kí ni ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ méje ni. Nígbà tí ó bá pé, olúkúlùkù a padà sí ilé rẹ̀, ìrántí náà ni yóò sì máa bá a gbé.

Ẹ rántí Pétérù pẹ̀lú lórí òkè. Nígbà tí ó rí ògo Olúwa, ó fẹ́ kí a pa àgọ́ mẹ́ta síbẹ̀. Àwa kò bú u. Ẹni tí ó bá ti tọ́ ohun tí ó dára wò ni ó mọ bí ó ti ṣòro tó láti dìde kúrò níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Olúwa mú wọn sọ̀kalẹ̀, ní ọjọ́ kejì gan-an sì ni bàbá kan ké pè é láti inú ọ̀pọ̀ ènìyàn nítorí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo tí a ń dá lóró. Bí Lúùkù ti sọ ọ́ nínú orí kẹsàn-án nìyẹn: ògo lókè, ìpọ́njú ní ìsàlẹ̀, Olúwa kan náà sì ni ó wà ní ibi méjèèjì. Àwọn àgbà wa pẹ̀lú sọ ọ́ pé àjò kì í dùn kí onílé má rè ilé.

Èyí tí ó ga jù ni ti Olúwa wa fúnra rẹ̀ nígbà tí ó di ọmọ ọdún méjìlá. Ó dúró lẹ́yìn ní Jerúsálẹ́mù, àwọn òbí rẹ̀ wá a kiri, wọ́n sì rí i lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta nínú tẹ́ḿpìlì, níbi tí ó jókòó sí láàárín àwọn olùkọ́, tí ó ń gbọ́ wọn, tí ó sì ń bi wọ́n léèrè. Bí ọmọ kan bá wà tí ó ní ẹ̀tọ́ láti wí pé ilé gbẹ́nàgbẹ́nà ti kéré jù fún òun lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, òun ni. Síbẹ̀ ó bá wọn sọ̀kalẹ̀ lọ sí Násárẹ́tì, ó sì ń gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Màríà ìyá rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀rọ̀ tí ọmọ náà sọ kò yé e, ṣùgbọ́n ó pa gbogbo rẹ̀ mọ́ sínú ọkàn. Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà níhìn-ín. Fún ọmọ, ìgbọràn nínú ilé ni ẹ̀rí àkọ́kọ́ pé ó ti wà nínú ilé Bàbá rẹ̀ tí ń bẹ lọ́run. Fún òbí, bí ọ̀rọ̀ ọmọ kò bá tilẹ̀ yé wa, kí a má fi ṣe yẹ̀yẹ́, kí a má sì rò ó káàkiri àdúgbò; kí a pa á mọ́.

Ohun tí ìtàn kọ́ wa

Ẹ óò forí jì wá bí àwa tí a ń tọ́jú ìwé ìtàn bá yà díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ ìtàn.

Ní ọdún 1821 ni a kó ọmọdékùnrin kan tí ń jẹ́ Àjàyí ní ẹrú ní Òṣóògùn. Ní ọdún 1822, ọkọ̀ ogun ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lórí òkun. Ó kẹ́kọ̀ọ́ ní Sàró, a sì ṣe ìrìbọmi fún un ní ọdún 1825. Samuel Ajayi Crowther ni gbogbo ayé mọ̀ ọ́n sí. Nígbà tí ó dé Abẹ́òkúta ní ọdún 1846, ó tún rí ìyá rẹ̀, Afala, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ojú wọn ti kan ara wọn kẹ́yìn. Ohun tí ó ti kọ́ ní òkèèrè, ó mú un wá sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀. Kò pé ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní oṣù Kejì ọdún 1848, tí a ṣe ìrìbọmi fún ìyá náà, a sì sọ ọ́ ní Hánà. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ará: láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni Ìhìnrere ti ń ti ọwọ́ ọmọ bọ́ sí ọwọ́ ìyá ní ilẹ̀ wa.

Ní ọdún 1853, David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ tẹ̀dó sí Ìbàdàn, wọ́n sì kọ́ ilé sí Kúdẹtì. Olóyè Olúńlóyọ̀, tí òun fúnra rẹ̀ kì í ṣe Kristẹni, fi ọmọ rẹ̀ méjì lé wọn lọ́wọ́, Yéjídé sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Àwọn ọmọ wọ̀nyí àti àwọn mìíràn ń gbé inú ọgbà náà. Wọ́n kọ́ ìwé, wọ́n kọ́ orin, àwọn ọmọbìnrin kọ́ aṣọ rírán. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ju ìwé lọ ni pé wọ́n rí bí onígbàgbọ́ ti ń jẹun, bí ó ti ń ṣàìsàn, bí ó ti ń bínú, àti bí ó ti ń tọrọ àforíjì. Nígbà Ogun Ìjàyè, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1860, ebi pa wọ́n ní Kúdẹtì, àwọn Hinderer sì ń ta ohun èlò ilé wọn kí oúnjẹ lè wà. Ta ni ó lè díwọ̀n ẹ̀kọ́ tí ọmọ kọ́ ní irú ilé bẹ́ẹ̀? Nígbà tí wọ́n sì fi Ìbàdàn sílẹ̀ ní ọdún 1869, Daniel Olubi, tí ó ti Abẹ́òkúta bá wọn wá gẹ́gẹ́ bí ọmọ ilé wọn, ni ó di aṣáájú iṣẹ́ náà. Kúdẹtì kì í ṣe ibùdó ọjọ́ márùn-ún, ṣùgbọ́n ọgbọ́n kan náà ni: ọmọ a máa kọ́ ìgbàgbọ́ nígbà tí ó bá ń bá onígbàgbọ́ gbé. Bí ọjọ́ márùn-ún bá lè ṣe èyí tí a ń rí lójú àwọn ọmọ wa, kí ni ọjọ́ ọ̀ọ́dúnrún ó lé ọgọ́ta tí ó kù nínú ọdún kò lè ṣe nínú ilé wa?

Ẹ jẹ́ kí a wo òkèèrè pẹ̀lú. Ní ọdún 1868, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Josiah Spiers wà ní etí òkun Llandudno ní ilẹ̀ Wales, níbi tí àwọn ìdílé ti ń lo ìsinmi ìgbà ooru. Ó kọ gbólóhùn kúkúrú kan nípa ìfẹ́ Ọlọ́run sórí iyanrìn, ó sì ní kí àwọn ọmọdé fi òkúta wẹ́wẹ́, ìkarahun àti koríko òkun ṣe é ní ọ̀ṣọ́. Nígbà tí wọ́n ṣe é tán, ó sọ ìtàn fún wọn. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ìwàásù fún àwọn ọmọdé ní etí òkun ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá kọ̀wé sórí iyanrìn mọ̀ pé omi ń bọ̀. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹrin ọdún 1879, inú iṣẹ́ kan náà ni a ti dá Ẹgbẹ́ Akàwé Mímọ́ sílẹ̀, tí a ń pè ní Scripture Union. Annie Marston, olùkọ́ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi kan, ni ó dá a lábàá pé kí a tẹ káàdì tí yóò fi ẹsẹ Bíbélì ti ojoojúmọ́ han àwọn ọmọ. Káàdì kékeré náà wọ inú ilé tí oníwàásù etí òkun kò lè wọ̀. Ìkarahun a máa lọ pẹ̀lú omi. Káàdì a máa bá ọmọ dé ibi tí ó ń sùn.

Bákan náà ni William Alexander Smith, tí ó dá Ẹgbẹ́ Boys' Brigade sílẹ̀ ní Glasgow ní ọdún 1883, rí i pé nígbà ìsinmi ni àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ń tú ká. Ní ọdún 1886, ó kó wọn lọ sí ibùdó ní Tighnabruaich, létí omi. Nígbà tí wọ́n padà, ẹgbẹ́ wọn wà nílẹ̀ tí ó ń dúró dè wọ́n lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ jálẹ̀ ọdún. Ẹgbẹ́ náà dé Èkó ní ọdún 1908, ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá tí ó wà níhìn-ín sì ti wọ bẹ́líìtì rẹ̀ rí. Àwọn tí ó kọ́kọ́ ronú ibùdó ronú nípa ìpadàbọ̀ pẹ̀lú. Àwa ni a gba ibùdó lọ́wọ́ wọn tí a gbàgbé ìpadàbọ̀.

Omi kí a tó béèrè ọ̀nà

Nísinsìnyí, kí ni kí a ṣe? Àṣà ilẹ̀ wa ti kọ́ wa ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Bí àlejò bá ti àjò dé, omi ni a kọ́kọ́ ń bù fún un, a kì í dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà kí a máa wádìí ọ̀rọ̀. Kí ọmọ wẹ̀, kí ó jẹun, kí ó sùn. Ohùn rẹ̀ ti há nítorí orin, oorun sì ń kùn ún. Ní ọjọ́ kejì, nígbà tí ẹ bá jọ ń ṣa ẹ̀fọ́ tàbí tí ẹ jọ ń lọ sọ́jà, ẹ wá bi í.

Ìbéèrè tí ó wọ́pọ̀ lẹ́nu wa ni pé, "Kí ni wọ́n kọ́ yín?" Ọmọ a sì dáhùn pé, "Bíbélì ni, Mà." Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ a parí sí. Ẹ bi í pé: Ta ni o bá dọ́rẹ̀ẹ́? Kí ni ó dùn mọ́ ọ jù lọ? Kí ni ó ṣòro fún ọ? Ìtàn wo ni o kò lè gbàgbé? Kí ni o fẹ́ máa ṣe láti ìsinsìnyí lọ, báwo ni àwa sì ti lè ràn ọ́ lọ́wọ́? Lẹ́yìn náà, ẹ dákẹ́. Ẹ má ṣe bá a parí gbólóhùn rẹ̀. Ọmọ tí kò bá lè sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ kí ó ya àwòrán, tàbí kí ó kọ ìwé sí ìyá rẹ̀ àgbà. Àwọn mìíràn wà tí ó jẹ́ pé ẹ̀yìn oṣù kan ni ọ̀rọ̀ wọn a tó jáde. Ẹ dúró dè wọ́n.

Ẹ tún jẹ́ kí a múra sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ọmọ mú bọ̀ lè kan àwa gan-an. Sámúẹ́lì bẹ̀rù láti sọ ìran náà fún Élì, nítorí pé ilé Élì ni ìran náà bá wí. Ṣùgbọ́n Élì pè é ní òwúrọ̀, ó ní kí ó má fi ohunkóhun pamọ́. Nígbà tí ó sì gbọ́ ọ, kò nà án. Bí ọmọ bá béèrè pé, "Bàbá mi, èéṣe tí àwa kì í gbàdúrà pọ̀ nílé?" tàbí pé, "Ìyá mi, ìgbà wo ni ẹ óò bá ìyá ìsàlẹ̀ yẹn làjà?" ẹ má ṣe wí pé ibùdó ti sọ ọ́ di aláfojúdi. Ẹ ṣe bí Élì.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ọmọ a dé pẹ̀lú ìjẹ́wọ́. Ó ti gbọ́ pé Ọlọ́run ń dárí ji ènìyàn, ó sì rántí ṣéńjì ọjà tí ó ti ń yọ́ mú nínú àpò ìyá rẹ̀ láti oṣù mẹ́ta. Ó wá, ó kúnlẹ̀, ó sọ ọ́. Ẹ̀yin ìyá, ní ìṣẹ́jú yẹn, ọwọ́ yín ni ìgbàgbọ́ ọmọ náà wà. Bí ẹ bá kígbe pe gbogbo ará ilé pé ẹ wá wo olè, ó ti mọ̀ láti ọjọ́ náà lọ pé òtítọ́ kò lérè, kò sì ní jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni mọ́ títí ayé. Bí ẹ bá gbé e dìde, tí ẹ dárí jì í, tí ẹ sì jọ ṣètò bí yóò ti fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ san án díẹ̀díẹ̀, ẹ ti túmọ̀ àgbélébùú fún un ju bí àwa katikíìsì ti lè túmọ̀ rẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a kò gbọdọ̀ fò. Bí ọmọ bá dé tí ó sì dákẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ, tí ẹ̀rù ń bà á, tàbí tí ó sọ pé àgbàlagbà kan ṣe ohun tí kò tọ́ sí òun, ẹ gbọ́ ọ, ẹ gbà á gbọ́, ẹ sì mú ọ̀rọ̀ náà tọ àlùfáà àti àwọn aláṣẹ lọ ní ọjọ́ náà gan-an. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti ọdún 2003 wà ní orílẹ̀-èdè wa. Ṣùgbọ́n kí òfin tó wà ni Olúwa ti kìlọ̀ nípa ẹni tí ó bá mú ọ̀kan nínú àwọn kékeré wọ̀nyí kọsẹ̀. A kì í fi orúkọ Ìjọ bo ọgbẹ́ ọmọ mọ́lẹ̀.

Kí a má kọ́ wọn ní àsọdùn

Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó tẹ̀lé ìpadàbọ̀, a máa ń pe àwọn ọmọ síwájú Ìjọ kí wọ́n jẹ́rìí. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra. Ọmọ àkọ́kọ́ sọ pé òun kọ́ orin tuntun, a dákẹ́. Ọmọ kejì sọ pé òun rí ìmọ́lẹ̀ ńlá, a pàtẹ́wọ́. Kí ni ọmọ kẹta yóò rí? Yóò rí ju ìmọ́lẹ̀ lọ. Àwa tí a ń pàtẹ́wọ́ ni a ń kọ́ ọ ní irọ́ pípa nínú ilé Ọlọ́run. Ìránṣẹ́bìnrin kékeré tí ó wà ní ilé Náámánì kò sọ ju gbólóhùn kan lọ, nínú ìwé Àwọn Ọba Kejì, orí karùn-ún. Òtítọ́ ni, ó sì tó láti mú ọ̀gágun kan dé odò Jọ́dánì. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ nínú kíláàsì. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ sọ ọ́ ní ìwọ̀n ìṣẹ́jú méjì. Kí a má fi ipá mú ẹni tí kò fẹ́. Kí a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó sọ díẹ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó sọ púpọ̀.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé àwọn kan wà ní ìjókòó tí kò lọ, nítorí pé owó kò sí nílé. Kí àwọn tí ó lọ má ṣe fi ibùdó ṣe fáàrí sí wọn. Kí olùkọ́ fún olúkúlùkù ẹni tí ó bọ̀ ní ọmọ kan tí kò lọ, kí ó kọ́ ọ ní orin kan, eré kan àti ìtàn kan. Kí Ẹgbẹ́ Ìyá àti àwọn ẹgbẹ́ yòókù sì wò ó bóyá ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kò lè rán ọmọ aláìní kan lọ ní ọdún tí ń bọ̀. Owó aṣọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo yóò ṣe é.

Iṣẹ́ tí ọmọ lè ṣe

Etí nìkan kò tó. Kí a fún wọn ní iṣẹ́. Ọkùnrin tí Olúwa wò sàn ní ilẹ̀ àwọn ará Gádárà fẹ́ bá a wọ ọkọ̀ lọ, ṣùgbọ́n Olúwa rán an padà sí ilé àti sí ọ̀dọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ilé ni oko àkọ́kọ́. Kí ọmọ tí ó ti ibùdó bọ̀ yan ohun kan ṣoṣo, kí ó kéré, kí ó sì ṣe é fífojúrí: láti pọn omi láìjẹ́ pé a pè é lẹ́ẹ̀mejì, láti fọ àwo àbúrò rẹ̀ mọ́ tirẹ̀, láti dá owó ọjà padà pé pérépéré, láti má bú ọmọ ọmọ-ọ̀dọ̀ mọ́. Bí ó bá kùnà ní ọjọ́ kẹta, ẹ má ṣe wí pé, "Ṣé ohun tí wọ́n kọ́ ọ nìyẹn?" Ọ̀rọ̀ yẹn ni omi tí ó ń pa iná jù lọ. Ẹ má sì fi oyè yẹ̀yẹ́ bí "Bíṣọ́ọ̀bù kékeré" kàn án. Ẹ wí pé, "Ó kù díẹ̀, ọmọ mi; ọ̀la ń bọ̀."

Nínú àdúrà ìdílé, ẹ fún un ní alẹ́ kan lọ́sẹ̀ tí yóò ka Bíbélì, tí yóò sì dá orin. Bí ó bá ṣi ọ̀rọ̀ pè, ẹ tọ́ ọ sọ́nà jẹ́jẹ́.

Nínú Ìjọ, iṣẹ́ kan wà tí a fẹ́ bẹ̀ yín gidigidi pé kí a fi lé wọn lọ́wọ́. Àwọn àgbà wa pọ̀ tí ojú wọn kò ríran ka ìwé mọ́, tí wọ́n sì fẹ́ràn Bíbélì Yorùbá ju oúnjẹ lọ. Àwọn ọmọ wa sì pọ̀ tí ó ń ka èdè Gẹ̀ẹ́sì bí omi ṣùgbọ́n tí ahọ́n wọn ń kọsẹ̀ nínú Yorùbá. Ẹ so ọmọ méjì mọ́ àgbà kan. Kí wọ́n máa lọ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n ka orí kan fún un, kí àgbà náà máa tún un ṣe fún wọn, kí ó sì sọ ìtàn ìgbà tí òun jẹ́ ọmọdé nínú Ìjọ yìí. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ akèrègbè. Ọmọ yóò rí ibi tí yóò lo ohun tí ó kọ́; àgbà yóò rí ojú tí yóò bá a ríran. A kò mọ ibùdó tí ó lè fún wọn ní irú èyí.

Ìwé Àwọn Ọmọ

Ìmọ̀ràn kan ni ó kù, ó sì ti inú iṣẹ́ tiwa wá. Nínú àpótí ìwé Ìjọ wa, a ní ìwé ìrìbọmi, ìwé ìgbọ́wọ́lélórí, ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìsìnkú. A lè sọ ọjọ́ tí ọmọ kan wọ inú Ìjọ àti ọjọ́ tí a gbé e jáde. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé kan tí a kọ ohun tí ọmọ kan sọ fúnra rẹ̀ nípa Olúwa rẹ̀ sí. Nígbà tí Jóṣúà la Jọ́dánì kọjá, òkúta méjìlá ni ó tò jọ, kí àwọn ọmọ lè béèrè, kí a sì lè dá wọn lóhùn. A bẹ̀ yín pé kí a ra ìwé ńlá kan ní ọdún àjọ̀dún yìí, kí a pè é ní Ìwé Àwọn Ọmọ. Kí olúkúlùkù ọmọ tí ó bá ti ibùdó bọ̀ kọ gbólóhùn mẹ́ta sí i pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀: ohun tí mo gbọ́, ohun tí mo fẹ́ ṣe, ẹni tí mo fẹ́ kí ó máa gbàdúrà fún mi. Kí ẹni tí ó dárúkọ náà fọwọ́ sí i. Nígbà Àdífẹ́ǹtì, kí olùkọ́ ṣí ìwé náà, kí ó pe ọmọ kọ̀ọ̀kan ní òun nìkan, kí ó sì bi í pẹ̀lú ìfẹ́ pé, "Báwo ni?" Ohun tí a béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọmọ a gbà pé kò ṣe pàtàkì. Ohun tí a tún padà béèrè ni ó mọ̀ pé a kà sí.

Ẹ̀yin ará, ilé tí a ń ṣe ọgọ́rùn-ún ọdún rẹ̀ yìí, bí a kò bá tún un kùn, ọ̀dà rẹ̀ yóò ṣí. Bí òrùlé rẹ̀ bá sì jò, a óò pààrọ̀ rẹ̀. Ọmọ tí ó bá ti inú rẹ̀ jáde lọ tí kò sì padà, kí ni a óò fi pààrọ̀ rẹ̀? Nígbà ìsinmi tí ń bọ̀, ọkọ̀ yóò tún kó wọn lọ, yóò sì tún kó wọn padà dé ẹnu ọ̀nà Ìjọ yìí pẹ̀lú ẹní lórí àti orin lẹ́nu. A bẹ̀ yín, kí ẹnìkan wà níbẹ̀ tí yóò pàdé wọn; kí omi wà nílé, kí etí ṣí sílẹ̀, kí iṣẹ́ sì wà tí ó ń dúró dè wọ́n.

Kí Olúwa tí ó gbé àwọn ọmọdé lé apá, tí ó sì súre fún wọn, kí ó súre fún tiwa. Kí ó sì fún àwa àgbà ní sùúrù láti gbọ́ wọn. Fún un ni kí ògo wà láti ìran dé ìran. Àmín.